Oòrùn Wo Ni Tòmátì Ń Fẹ́?

Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù Kejì, létí odò kékeré kan lápá Òkè-Ògùn. Ooru mú débi pé àwọn ẹyẹ pàápàá ti dákẹ́. Àgbẹ̀ tó mú mi wọ oko já tòmátì méjì, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi èkejì lé mi lọ́wọ́ òsì. Ó ní kí n má tíì sọ nǹkan kan, kí n kàn mú wọn dání ná.

Ti ọwọ́ ọ̀tún gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti funfun, ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, awọ rẹ̀ sì le bí ojú egbò tó ń jiná. Ti ọwọ́ òsì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ó pupa yíká, ó ń dán, àbàwọ́n kankan ò sí lára rẹ̀. Inú pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde, ọjọ́ kan náà ni wọ́n tú wọn gbìn, omi odò kan náà ni wọ́n sì ń mu. Láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Àwọ̀n ló wà láàárín wọn. Àgbẹ̀ náà na àwọ̀n pupa kan, oníhò wínníwínní, sórí òpó igi mẹ́jọ, ó fi bo poro mẹ́rin, ó wá fi ìyókù oko sílẹ̀ fún oòrùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rí bátabàta bí àdìrẹ, ọwọ́ mi sì dà bí ọwọ́ ìyàwó tí wọ́n fi osùn kùn.

"Àwọn tí oko wa jọ pààlà ń bi mí pé ṣé ẹja ni mo fẹ́ fi pa lórí ilẹ̀ gbígbẹ," ó ní.

Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi ò kúrò lára tòmátì ọwọ́ ọ̀tún. Irú rẹ̀ ni ìyá mi máa ń ṣà sọ́tọ̀ ní ọjà Bódìjà, tí yóò máa bá ọlọ́jà jà pé, "Oòrùn ti sè é kí n tó gbé e délé."

Ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́, ooru kọ́

Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá nínú wa léèrè, mẹ́sàn-án yóò sọ pé irè oòrùn ni tòmátì. Wọn ò parọ́. Tòmátì tí wọ́n gbìn sábẹ́ igi máńgòrò yóò kàn ga lásán ni, igi rẹ̀ yóò tín-ín-rín bí okùn, kò sì ní so ohun tó tó ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí irè yìí ti ṣẹ̀ wá ni ìwọ̀ oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè àwọn òkè Andes, níbi tí oòrùn ti ń ràn gan-an tí atẹ́gùn sì tutù, tí òru tún tutù jù ú lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló bá dàgbà. Ooru tó ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn lọ́dọ̀ wa ni kò mọ bí yóò ti ṣe é.

Bí ooru ọ̀sán bá ti ń kọjá nǹkan bí 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òdòdó bẹ́ẹ̀ kò lè di ọmọ. Yóò rọ, yóò sì rẹ̀ dànù, àgbẹ̀ yóò dé oko láàárọ̀ yóò bá a nílẹ̀ bí àgbàdo tí adìẹ tú. Òru náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: bí òru bá ń gbóná ju nǹkan bí 21 sí 24 lọ, èso kì í fẹ́ dúró. Ẹni tó bá sì ti sun Ìbàdàn tàbí Èkó nínú oṣù Kẹta láìsí iná mànàmáná mọ bí òru wa ti rí.

Èyí wà lára ohun tó fà á tí tòmátì ọbẹ̀ wa fi ń ti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti Jígáwá wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ń ràn lọ́hùn-ún, ọyẹ́ ń mú kí òru tutù, àwọn ìsédò ńláńlá sì ń fún wọn lómi. A máa ń sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ òru wọn ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èso tó sì ti dúró kò tíì bọ́. Tòmátì tí oòrùn ń bá tààrà lè fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju atẹ́gùn tó yí i ká lọ. Bí awọ rẹ̀ bá ti súnmọ́ 40, ẹran abẹ́ rẹ̀ á kú, á funfun; ohun tí mo mú lọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn. Kódà èyí tí kò jóná kì í pọ́n bó ṣe yẹ. Láíkópìn, èròjà tó ń mú tòmátì pupa, kì í fẹ́ jáde dáadáa mọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 30. Èròjà aláwọ̀ ofeefee, irú èyí tó wà nínú karọ́ọ̀tì, kò bìkítà ní tirẹ̀. Ó ń báṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni tòmátì tí ìdí rẹ̀ pupa tí èjìká rẹ̀ ṣì pọ́n rúsúrúsú ti ń wá, èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń dojú èjìká rẹ̀ dé sínú apẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ tí ewé ń rí

Ìbòòji kì í ṣe ohun tuntun. Àwọ̀n dúdú àti aláwọ̀ ewé ti pẹ́ nílùú wa. Wọ́n wà lórí òdòdó tí wọ́n ń tà létí títì, wọ́n wà lára ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ àwọ̀n dúdú kò díjú. Bí wọ́n bá pè é ní 50, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó kọjá, gbogbo àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ń bù kù bákan náà.

Mo ní "gbogbo àwọ̀" nítorí pé àdàlù ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń pè ní funfun. Òṣùmàrè ló máa ń tú u palẹ̀ fún wa lẹ́yìn òjò. Ewé kì í jẹ gbogbo rẹ̀ bákan náà: pupa àti búlúù ló fẹ́ràn jù, ó sì ń dá ti aláwọ̀ ewé padà jù wọ́n lọ, èyí ló jẹ́ ká máa rí i ní àwọ̀ tí a fi ń pè é. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìròyìn tún ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́ fún irè. Inú ewé ní àwọn èròjà tó ń ṣe bí ojú. Ọ̀kan ń wo pupa, àti pupa ṣíṣókùnkùn kan tí ojú èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Òmíràn ń wo búlúù. Àwọn èròjà yìí ni irè fi ń mọ̀ bóyá irè mìíràn ti ń ṣíji bò ó, bóyá kó sáré ga, tàbí kó jókòó kó yọ ẹ̀ka.

Ní àwọn ọdún 1990, Michael Kasperbauer àti Patrick Hunt, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Florence, South Carolina, tẹ́ ọ̀rá pupa sí ìdí tòmátì dípò ọ̀rá dúdú tí gbogbo ayé ń tẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara ọ̀rá náà mú kí tòmátì tètè so, kó sì so sí i. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá yẹn ń parí lọ, ní Ísírẹ́lì, Yosepha Shahak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Volcani gbé àwọ̀ náà kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè. Wọ́n po àwọ̀ mọ́ ike tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n: pupa, ofeefee, búlúù, eérú, àti funfun kan tó ń kọ mọ̀nà bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọ̀ wọnú àwọ̀n. Nínú èdè wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń retí ara wọn tipẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ihò àwọ̀n kọjá kò yí padà. Èyí tó bá kan fọ́nrán ni fọ́nrán ń sẹ́, bí asẹ́ ti ń sẹ́ ògì: ó ń gba ohun kan dúró, ó ń jẹ́ kí òmíràn kọjá. Méjèèjì wá ń pàdé lábẹ́. Fọ́nrán náà sì tún ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, kò ní jẹ́ kó máa já lulẹ̀ bí ọfà sí ojú kan. Ewé ìsàlẹ̀ tí kì í rí oòrùn rárá nínú oko gbangba á rí tirẹ̀ jẹ. Nínú iṣẹ́ títú ká yìí, àwọ̀n funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ ló gba ipò kìíní.

Igi ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 yani lẹ́nu: lábẹ́ pupa, ẹ̀ka ń gùn, lábẹ́ búlúù, igi kì í ga, lábẹ́ eérú, ó ń yọ ẹ̀ka jáde jọ̀ọ̀rọ̀. Irúgbìn kan náà ni o, ilẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé orí tàtàṣé, àwọ̀n pupa, ofeefee àti funfun so ju àwọ̀n dúdú tí wọ́n jọ ṣe ìbòòji kan náà lọ. Ìyẹn ló fi hàn pé yàtọ̀ sí bí ìbòòji ti pọ̀ tó, irú ìbòòji tó jẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ.

Ti tòmátì gan-an, Sérbíà ni kí a lọ. Ní agbègbè Aleksinac, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ooru àárín ọdún máa ń mú bí ẹni pé Sókótó ni, ojú ọ̀run á sì mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni Zoran Ilić àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Elazar Fallik ti Ísírẹ́lì wà lára wọn, ti gbin tòmátì sábẹ́ àwọ̀n mẹ́rin: funfun, pupa, búlúù àti dúdú, tí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìdá 40 àti ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbin òmíràn sí gbangba. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012.

Kò sí tòmátì tí oòrùn jó lábẹ́ àwọ̀n rárá. Èyí tó ń là dín kù. Tòmátì tó ṣeé gbé lọ sọ́jà fi bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti gbangba lọ. Pupa àti funfun ló ṣe dáadáa jù, ẹran ara tòmátì abẹ́ àwọ̀n funfun sì nípọn.

Nípọn! Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá kan tó ti ń ta ata àti tòmátì ní Bódìjà láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ tòmátì kan níwájú mi. "Àwọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé ń wò," ó ní. "Èmi, ìka ni mo fi ń wò ó. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí kò fọ́, tí omi rẹ̀ ò pọ̀, tí oníbàárà ò ní sè é títí kó tó gbẹ, owó ni. Ṣé àwọ̀n yẹn ń ṣe ìyẹn?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú apẹ̀rẹ̀ kan wá.

Adùn ńkọ́? Ibi tí oko gbangba ti lè gbé orí sókè díẹ̀ nìyí. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe ṣúgà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń mú kí fítámì C pọ̀ nínú èso. Tòmátì tí wọ́n fi ìbòòji bò jù á tóbi, á dán, ẹnu á sì mọ̀ pé omi ló ń jẹ. Àwọn tó bá ti jẹ tòmátì ìbílẹ̀ wa, oníkókó kékeré tó kan, tó là ní èjìká, mọ ohun tí mò ń wí.

Ojú ọ̀run tiwa

Títí dé ibí, ẹni tó bá ń kà á lè ti máa wá ibi tí yóò ti ra àwọ̀n pupa. Ẹ ní sùúrù.

Ísírẹ́lì àti gúúsù Sérbíà jọra nínú ohun kan: ìgbà tí ooru wọn bá mú jù ni ojú ọ̀run wọn máa ń mọ́ gaara. Oòrùn àpọ̀jù wà nílẹ̀. Àwọ̀n kàn ń bù nínú àpọ̀jù ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù méjì sí mẹ́ta péré la ní irú oòrùn bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí eruku ọyẹ́ bá ti ń lọ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ṣíṣú ni ojú ọ̀run ń ṣú. Ẹni tó bá na àwọ̀n bo tòmátì nínú oṣù Keje, ẹni tí ebi ń pa ló ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gboyè yunifásítì, tó lọ dáko ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fi owó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àwọ̀n dúdú ló rà, èyí tó nípọn, ó sì na án nígbà òjò. "Mo rò pé ìbòòji ni ìbòòji," ó ní. "Tòmátì mi ga jù mí lọ. Ẹ bi mí pé mélòó ló so." Mo bi í. Ó fi ọwọ́ hàn mí: kò tó iye ìka ọwọ́ méjèèjì.

Obìnrin onímọ̀ nípa àrùn irè kan ní Ìbàdàn mi orí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní àwọn èèyàn ń gbàgbé pé àwọ̀n kì í gba òjò dúró. Ó ń sẹ́ agbára òjò lóòótọ́, àmọ́ omi á kán sórí ewé, àti nítorí pé oòrùn tó yẹ kó tètè gbẹ ẹ́ ti dín kù, ewé á pẹ́ nínú omi. Ewé tó pẹ́ nínú omi ni àwọn àrùn olú wínníwínní ń wá kiri. Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, kòkòrò àìrí tó ń mú tòmátì rọ lójijì, tí ẹ óò fi rí i pé ó tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀ tó sì ti dorí kodò ní ìrọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n na ohun kan sókè. Àwọ̀ àwọ̀n kò kàn án.

Ohun tí wọ́n fi ń dènà irú rẹ̀ ní Éṣíà, obìnrin náà ní, ni ọgbọ́n tí ibùdó ìwádìí ẹ̀fọ́ àgbáyé tó wà ní Taiwan ń kọ́ àwọn àgbẹ̀: wọ́n á gé orí tòmátì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìkàn tí àrùn ilẹ̀ kì í mú, wọ́n á sì fi ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere ṣe òrùlé fún un kí òjò má bàa kàn án. Ìkàn nísàlẹ̀, tòmátì lókè. Mo bi í bóyá ìkàn ni yóò so. Ó wò mí bí ìgbà tí olùkọ́ ń wo ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Ibi tó ti wá dunni ni pé ìgbà òjò yìí gan-an ni tòmátì ń wọ́n. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹrin, tòmátì Àríwá ń ya wọ Mile 12 ní Èkó bí omi. Àgbẹ̀ ìhín tó bá kórè nígbà náà, iye tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Láti oṣù Kẹfà, ó ti tán lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2024, apẹ̀rẹ̀ ńlá kan kọjá 100,000 náírà. Nítorí náà, ìgbà tí àwọ̀n ń ṣiṣẹ́, owó ò sí. Ìgbà tí owó wà, àwọ̀n ò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ta àwọ̀n kì í sọ apá yìí, n kò sì bá wọn wí, ọjà ni wọ́n ń tà.

Ìdí tí a kò fi lè padà sẹ́yìn

Síbẹ̀, kò yẹ ká sọ pé kí oníkálukú padà sí bó ti wà. Bó ti wà yẹn ti dójú tì wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá.

Lọ́dún 2016, àfòpiná kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta bo oko tòmátì Àríwá. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí tòmátì ti wá, ni òun náà ti wá. Ó gba Spéènì wọ ìhà Mẹditaréníà lọ́dún 2006, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Inú ewé ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, ó ń jẹ ewé láti inú. Ìjọba Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì ní oṣù Karùn-ún. Ilé iṣẹ́ tí Dangote kọ́ sí Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò, láti máa sọ tòmátì di èyí tí wọ́n ń rọ sínú agolo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà, dáwọ́ dúró nítorí pé kò rí tòmátì rà. Àwọn èèyàn sọ kòkòrò náà ní Ebola tòmátì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Láìpẹ́ sígbà náà, àwọn oníṣòwò Àríwá dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, wọn ò jẹ́ kó wá sí Gúúsù fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn tó fún gbogbo ilé láti mọ bí ọbẹ̀ ti ń rí nígbà tí tòmátì bá ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú wò lásán.

Kódà nígbà tí àlàáfíà bá wà, ìrìn náà jìn. Kánò sí Èkó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun ni wọ́n ń dì í sí, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀; èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti di omi kó tó dé Ògèrè. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń sọ pé ohun tó ń ṣòfò láàárín oko àti ìkòkò ní Nàìjíríà súnmọ́ ìdajì. Èyí tó bá fọ́ tí kò tíì bàjẹ́ tán ni à ń pè ní èṣà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì jẹ́ pé èṣà ni wọ́n fi ń dáná.

Bí tòmátì bá wà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí láti ìparí oṣù Kẹrin dé oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí ti Àríwá ti ń fà sẹ́yìn tí òjò wa ò tíì gbilẹ̀, àwọ̀n lè ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn fún àgbẹ̀. Ibi tó ti wúlò fún wa nìyẹn lójú tèmi, ó sì kéré sí bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Omi tí ilẹ̀ ń pàdánù sínú afẹ́fẹ́ dín kù lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi odò, tó ń ra epo bẹntiróòlù, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò ní lé kòkòrò? Díẹ̀. Ìwádìí Ísírẹ́lì fi hàn pé àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé, tí wọ́n sì ń gbé àrùn ká, kì í pọ̀ lábẹ́ àwọ̀n ofeefee àti funfun bíi ti dúdú. Àmọ́ ihò àwọ̀n ìbòòji tóbi. Eṣinṣin funfun, tó wà lára wọn, lè gba ibẹ̀ kọjá tìdílé tìdílé. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré débi tí kòkòrò ò fi ní lè wọlé wà, ó yàtọ̀ sí èyí, atẹ́gùn náà kì í sì í fẹ́ gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ grínháòsì ní ọ̀sán oṣù Kẹta lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ibẹ̀ ṣeé yan ẹja. Ní Almería, ní gúúsù Spéènì, níbi tí ilé ọ̀gbìn onírọ́bà ti gba ilẹ̀ tó ju 30,000 hẹ́kítà lọ, ẹfun ni wọ́n ń fi kun òrùlé rẹ̀ nígbà ooru. Ẹfun àti omi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èló ni?

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn yẹn kò dáhùn ìbéèrè yìí tààrà. Ó ní àjọ tí òun àti ìyàwó òun jọ dá ló ra àwọ̀n náà, ìyàwó òun ṣì ń rán òun létí. Òkè òkun ni àwọ̀n aláwọ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, nígbà tí náírà sì já lulẹ̀ lọ́dún 2023, iye tí wọ́n bá pè lánàá kọ́ ni wọ́n ń pè lónìí. Ojúlówó lè lo ọdún márùn-ún nínú oòrùn. Ayédèrú á fọ́ bí ewé gbígbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn kejì tó dé, ojú lásán kò sì lè fìyàtọ̀ sí wọn nínú ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ poro mẹ́rin péré ló bò. "Tí mo bá rí èrè lórí mẹ́rin, màá fi mẹ́rin kún un," ó ní. "Mi ò lè torí àwọ̀n ta ilẹ̀ tí mo fẹ́ na àwọ̀n sí."

Imọ̀ ọ̀pẹ

Ìyá àgbẹ̀ náà ń gbé abúlé kan nítòsí oko. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ti gbin ata àti tòmátì kí wọ́n tó bí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló rò nípa àwọ̀n pupa, ó bi mí pé ṣé mo ti rí àtíbàbà rí.

Gbogbo wa la ti rí i. Bí wọ́n bá fọ́n irúgbìn ata tàbí tòmátì sórí ebè, wọ́n á ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Oòrùn á máa kán wọlé láàárín ewé. Apá tí èmi ò mọ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e. Ìyá náà ní imọ̀ yẹn kì í wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irúgbìn bá ti yọ ewé mẹ́ta, wọ́n á fa imọ̀ kan yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á yọ òmíràn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, wọ́n á ṣí gbogbo rẹ̀. Bí oòrùn bá padà, wọ́n á dá díẹ̀ padà. Títí wọn yóò fi tú u lọ gbìn, kò ní sí imọ̀ kankan lókè mọ́, irúgbìn á sì ti mọ oòrùn.

"Ọmọ tí ẹ bò mọ́lẹ̀ títí, ọjọ́ tó bá bọ́ síta ló ń kú," ó ní.

Ohun tí ìyá yìí ń wí, àwọn oko ńlá òkè òkun ń fi ẹ̀rọ ṣe é: àwọ̀n tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí wáyà, tó ń ṣí láàárọ̀, tó ń pa dé lọ́sàn-án, tó ń ká ara rẹ̀ kúrò bí ojú ọ̀run bá ṣú. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti kan àwọ̀n mọ́ òpó ní ìṣó.

Mo padà lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹrin. Ó ti yọ ìṣó. Okùn ló fi so ó báyìí, àwọ̀n náà ti ṣá díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ń bọ́ sí ti epo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ti kórè lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ rẹ̀. Ti gbangba ti tán ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lápá ìlà oòrùn. Àgbẹ̀ náà ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń tà á ní Ìsẹ́yìn, kò wòkè. Ìyá rẹ̀ ló gba ọ̀nà oko dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó dúró létí poro, ó wo ojú ọ̀run, ó wo àwọ̀n.

"Ta ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ di báyìí?"

Ọmọ rẹ̀ ti ń tú okùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo mú etí kejì, a jọ ká a.